Kí ló ń mú kí ẹgbẹ́ òṣèlú kẹta má rọ́wọ́ mú ní Amẹ́ríkà?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, Ross Perot, oníṣòwò ńlá láti Texas tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, gba ìbò tó tó mílíọ̀nù 19.7 nínú ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà. Tí èèyàn márùn-ún bá dìbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló dìbò fún un. Ṣùgbọ́n ààrẹ Amẹ́ríkà kì í wọlé nípa iye ìbò aráàlú. Àwọn aṣojú olùdìbò 538 ló ń yàn án, ẹni tó bá sì kó 270 nínú wọn ló wọlé. Nígbà tí wọ́n ka àwọn aṣojú yìí, Bill Clinton ní 370, George Bush ní 168. Perot ò ní ẹyọ kan.

Ẹni tó bá wo irú èsì yìí láti òkèèrè lè rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà kàn ò fẹ́ ju ẹgbẹ́ méjì lọ, ìyẹn Democrat àti Republican, tàbí pé òfin wọn ò gbà á. Kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Àwa la ti rí i rí: ní 1989, ìjọba ológun Babangida fúnra rẹ̀ ló dá SDP àti NRC sílẹ̀, tí kò fàyè gba ẹgbẹ́ mìíràn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Abíọ́lá àti Tofa nìkan ló wà níwájú wa ní June 12, 1993. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ló lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lónìí. Ẹgbẹ́ Libertarian wà níbẹ̀ láti 1971, ẹgbẹ́ Green náà wà níbẹ̀. Wọn ń díje, wọn ń fìdí rẹmi. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìbò níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ ohun tó ń pa wọ́n, èkejì sì ni àwọn òfin tí ẹgbẹ́ méjì tó wà lórí àlééfà ti fi yí ìdìbò ká láti ọdún pípẹ́.

Ìbò púpọ̀, aṣojú òdo

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye aṣojú olùdìbò tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ 48 àti ní Washington D.C., ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń kó gbogbo aṣojú ibẹ̀ lọ. Kò di dandan kó gba ìdajì ìbò, kó ṣáà ti ju àwọn yòókù lọ. Maine àti Nebraska nìkan ló ń pín lára tiwọn ní ẹkùn-ẹkùn.

Ẹ jẹ́ ká wo Maine yẹn gan-an ní 1992. Ibẹ̀ ni Perot ti ṣe dáadáa jù: ó gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣe ipò kejì, ó fi díẹ̀ lé Bush tó wà lórí oyè. Clinton tó ṣe ipò kìíní níbẹ̀ ò dé ìdá 39. Aṣojú mẹ́rin ni Maine ní, Clinton ló kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìpínlẹ̀ tó ń pín aṣojú nìyẹn o. Ipò kejì ò ní èrè kankan, ká má tíì sọ ipò kẹta.

Èyí ló fà á tí ibi tí ìbò ti wá fi ṣe pàtàkì ju iye ìbò lọ. Ìdìbò 1948 fi í hàn kedere. Ọdún náà, Harry Truman ló wọlé, ṣùgbọ́n àwọn méjì mìíràn tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì náà díje: Strom Thurmond àti Henry Wallace. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gba ìbò mílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀, nǹkan bí ìdá 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni ìbò wọn ṣe rí. Ṣùgbọ́n Thurmond gba aṣojú 39, Wallace ò rí ẹyọ kan gbà. Gúúsù orílẹ̀-èdè náà nìkan ni ìbò Thurmond kóra jọ sí, ó sì gba ìpínlẹ̀ mẹ́rin níbẹ̀: South Carolina, Alabama, Mississippi àti Louisiana. Ìbò Wallace fọ́n ká gbogbo orílẹ̀-èdè, New York tó sì ti pọ̀ jù náà ò tó láti mú ìpínlẹ̀ ọ̀hún.

Ohun tó dunni jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni irú ẹni tí ètò náà ń gbè. Kí àwọn funfun máa ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ni Thurmond dúró lé lórí. Ní 1968, George Wallace láti Alabama (kì í ṣe Wallace ti 1948) tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà jáde, ó gba ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì kó aṣojú 46. Perot tí ìbò tiẹ̀ ju èyí lọ dáadáa ní òdo. Ẹgbẹ́ kẹta tó bá rí ìkórìíra tàbí ìbínú agbègbè kan ṣoṣo gùn lè rí nǹkan mú bọ̀. Èyí tó ń bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ ń padà lọ́wọ́ òfo.

Bákan náà ló rí ní Ilé Aṣojú Aṣòfin wọn. Ìjókòó 435 ló wà níbẹ̀, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, òfin ọdún 1967 ló sì ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹkùn gbogbo kò ní gba ìjókòó kankan. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba rí irú rẹ̀ ní 2024, nítorí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ka ìbò níbẹ̀: Reform UK gba ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, ó rí ìjókòó márùn-ún; Liberal Democrats gba ìdá 12, wọ́n rí 72, torí pé wọ́n mọ ẹkùn tí wọ́n ti lágbára, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi gbogbo ipá sí.

Kí orúkọ tó dé orí ìwé ìdìbò

Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí INEC bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àmì rẹ̀ á wà lórí ìwé ìdìbò ààrẹ láti Sókótó dé Badagry. Ẹgbẹ́ 18 ló wà lórí ti 2023. Ní Amẹ́ríkà, kò sí INEC. Ìpínlẹ̀ 50 àti D.C. ni, kálukú pẹ̀lú òfin tirẹ̀, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ àti gbèdéke tirẹ̀. Orúkọ àwọn Republican àti Democrat máa ń wà níbẹ̀ láìsí wàhálà, torí ìbò tí wọ́n gba kọjá ti fún wọn láyè. Ẹgbẹ́ tuntun àti òǹdíje tó dá dúró gbọ́dọ̀ kó ìbuwọ́lù àwọn olùdìbò jọ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Iye ìbuwọ́lù yìí ò ní ìbámu kankan. Tennessee ń béèrè 275 péré lọ́wọ́ ẹni tó dá dúró láti díje fún ààrẹ. Ní 2024, Texas béèrè 113,151, California béèrè ju 219,000. Texas tún fi tiẹ̀ kún un: ẹni tó bá ti dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ńlá kan lọ́dún náà ò gbọdọ̀ buwọ́ lù ú fún ẹni tó dá dúró, ẹ̀yìn ìdìbò abẹ́lé náà sì ni ìbuwọ́lù lè bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á parí láàárín oṣù méjì ó lé díẹ̀. Ní New York, òfin tó jáde ní 2020 gbé iye ìbuwọ́lù láti 15,000 lọ sí 45,000, ọjọ́ 42 sì ni wọ́n fún àwọn tó ń kó o jọ. Ó tún ní kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ tọ́jú àyè rẹ̀ máa gba ó kéré tán ìbò 130,000 ní ọdún méjì-méjì, níbi tó ti jẹ́ 50,000 ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2024, Trump àti Harris nìkan ló kù lórí ìwé ìdìbò ààrẹ ní New York.

Kíkó ìbuwọ́lù jọ ò le tó kí ìbuwọ́lù náà dúró. Ìwé kan wà tí olùdìbò á kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti déètì sí, kó tó buwọ́ lù ú. Tí ẹni náà bá ti kó lọ sí ilé mìíràn tí kò sì tíì yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà nínú ìwé orúkọ olùdìbò, wọ́n lè wọ́gi lé e. Tó bá kọ déètì tó ṣì, tó bá buwọ́ lù ú ní ojú ìwé tó jẹ́ ti káńtì mìíràn (káńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìpínlẹ̀), tàbí tó bá ti buwọ́ lùwé fún òǹdíje kejì, ìyẹn náà lè bọ́ lọ. Ẹni tó gbé ìwé kiri gbọ́dọ̀ búra sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ìbúra yẹn bá ní àbùkù, gbogbo orúkọ ojú ìwé náà lè ṣòfò lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í kó iye tí òfin béèrè. Wọ́n ń kó ìdajì lé e, nígbà mìíràn ìlọ́po méjì, wọ́n sì ń sanwó fún àwọn tó ń kó o. Ìyẹn náà léwu, torí ẹni tó ń gba owó lórí ìbuwọ́lù kọ̀ọ̀kan lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sílẹ̀.

Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ sí Ralph Nader, òǹdíje ààrẹ tó dá dúró, ní Pennsylvania ní 2004. Iye tí òfin béèrè ni 25,697. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kó ju 50,000 wá. Àwọn olùdìbò tó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ Democrat gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n yẹ ìwé náà wò lórúkọ kọ̀ọ̀kan, 18,818 péré ló dúró. Mickey Mouse àti Fred Flintstone wà lára orúkọ tí wọ́n bá níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ yọ Nader kúrò lórí ìwé ìdìbò, wọ́n sì ní kí òun àti igbákejì rẹ̀ san ju 81,000 dọ́là lórí ìnáwó ẹjọ́. Ìwé ayédèrú ò ní àwáwí, ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní 2008, ìwádìí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tú u síta pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin tó jẹ́ ti Democrat, tó jẹ́ pé owó ìlú ni wọ́n fi ń san owó oṣù wọn, ti ń fi àkókò iṣẹ́ ìjọba ṣàyẹ̀wò ìbuwọ́lù wọ̀nyẹn. Ibi tí ìjà ò ti dọ́gba nìyí: ẹgbẹ́ ńlá lè fi ẹjọ́ jẹ owó ẹgbẹ́ kékeré tán kí ìpolongo tó bẹ̀rẹ̀.

Georgia tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó fẹ́ lọ sí Ilé Aṣojú Aṣòfin. Láti 1943 ni òfin ibẹ̀ ti ń béèrè ìbuwọ́lù ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà, kò sì sí òǹdíje ẹgbẹ́ kékeré kankan tó tíì rí i ṣe. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní 1971 pé òfin náà bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè mu. Ó sì tún kù: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé ò lè yí padà lọ díje lábẹ́ àsíá mìíràn lọ́dún kan náà. Bí wọ́n ṣe máa ń kúrò nínú PDP lọ gba tikẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ mìíràn ní ọ̀sẹ̀ kejì nílé wa, òfin ti dí i níbẹ̀.

Ìtàkùrọ̀sọ àti owó

Ní 1992, Perot wà nínú ìtàkùrọ̀sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn òǹdíje ṣe lórí tẹlifíṣàn. Kó tó débẹ̀, ìdá tó gbà nínú ìwádìí èrò aráàlú ò tó mẹ́wàá. Ó parí pẹ̀lú ìdá 18.9. Lọ́dún 1996 tó padà wá, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìtàkùrọ̀sọ ò jẹ́ kó wọlé. Àwọn olórí ẹgbẹ́ Democrat àti Republican ló jọ dá ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀ ní 1987. Láti 2000, ìgbìmọ̀ náà ní kí òǹdíje ti ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìwádìí èrò aráàlú márùn-ún kó tó lè gun orí pèpéle. Tí wọ́n bá ti lo òfin yẹn ní 1992, Perot ò bá má wọlé. Kò tíì sí ẹni kẹta tó ti ibẹ̀ kọjá láti ìgbà náà. Ní 2024, Biden àti Trump tiẹ̀ pa ìgbìmọ̀ náà tì, CNN ló gbàlejò wọn ní oṣù kẹfà, ìdá 15 náà ni CNN sì béèrè.

Owó ìjọba wà fún ìpolongo ààrẹ. Ẹgbẹ́ tó bá gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún yìí lè gba díẹ̀ lára rẹ̀ fún ìdìbò tó ń bọ̀. Perot gba nǹkan bí mílíọ̀nù 29 dọ́là ní 1996 nítorí ìbò 1992. Nítorí ìdá mẹ́jọ tó gbà ní 1996, ẹgbẹ́ Reform rẹ̀ ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là fún 2000. Owó yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Pat Buchanan wọlé wá láti ẹgbẹ́ Republican, ó gba tikẹ́ẹ̀tì náà àti owó rẹ̀, ẹgbẹ́ pín sí méjì, Buchanan ò sì gba ju ìdá 0.4 lọ. Wọn ò gbérí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Donald Trump náà ti wo tikẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Reform fún 2000, ó yẹra ní oṣù kejì ọdún náà. Ní 2016, inú ẹgbẹ́ Republican ló gbà wọlé, ó sì di ààrẹ. Bernie Sanders, sẹ́nétọ̀ tó dá dúró, ṣe bákan náà ní 2016 nígbà tó lọ díje nínú ìdìbò abẹ́lé àwọn Democrat. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ńlá rọrùn láti wọ̀ ju kéèyàn kó ìbuwọ́lù ní ìpínlẹ̀ 50 lọ. Èyí wà lára ohun tó ń gba èèyàn gidi kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kẹta.

“Má fi ìbò ẹ ṣòfò”

Olùdìbò tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ kẹta náà mọ ìṣirò yìí. Ó mọ̀ pé ẹni tóun fẹ́ ò ní wọlé, ó sì mọ̀ pé nínú àwọn méjì tó kù, ẹnì kan wà tóun ò fẹ́ rí rárá. Ló bá lọ dìbò fún ìkejì kí ẹni tó kórìíra má bàa wọlé. Maurice Duverger, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, ti kọ nípa èyí ní 1951: níbi tí ẹni tó ga jù bá ti ń kó gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn olùdìbò fúnra wọn á máa sá kúrò lẹ́yìn ẹgbẹ́ kékeré.

Florida ní 2000 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. George W. Bush, ọmọ Bush ti 1992, fi ìbò 537 ju Al Gore ti Democrat lọ níbẹ̀, ìyẹn ló sì gbé e dé ipò ààrẹ. Nader, tó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ Green lọ́dún náà, gba 97,488 ní ìpínlẹ̀ kan náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn Democrat ti ń pe Nader ní apínbò. Lóòótọ́, tí díẹ̀ nínú ìbò yẹn bá bọ́ sọ́dọ̀ Gore, ì bá wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ kékeré tó wà lórí ìwé ìdìbò Florida lọ́jọ́ náà, títí dé èyí tó gba 562, ló gba ìbò tó ju 537 lọ. Ẹ̀bi tí wọ́n kó ru ẹnì kan náà wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ti di ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba olùdìbò ní gbogbo ọdún ìdìbò.

Tí ẹni ẹgbẹ́ kẹta bá tiẹ̀ wọlé ńkọ́? Ní 1998, Jesse Ventura tó jẹ́ oníjàkadì tẹ́lẹ̀ di gómìnà Minnesota lábẹ́ ẹgbẹ́ Reform pẹ̀lú ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n jẹ́ kó wọ ìtàkùrọ̀sọ, ìpínlẹ̀ náà ní owó ìrànwọ́ fún ìpolongo, olùdìbò sì lè forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò gan-an. Àyè mẹ́ta tí ẹgbẹ́ kẹta kì í rí níbòmíràn wà níbẹ̀ pa pọ̀. Àmọ́ kò ní aṣòfin tirẹ̀ láàárín àwọn Democrat àti Republican, gbogbo àbádòfin rẹ̀ ló ń lọ tọrọ lọ́wọ́ wọn, kò sì díje mọ́ ní 2002. Ní ti ààrẹ, tí ẹnikẹ́ni ò bá ní aṣojú 270, Ilé Aṣojú Aṣòfin ló máa yàn nínú àwọn mẹ́ta tó ga jù, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbò kan. Ẹgbẹ́ tí kò ní ọmọ ilé kankan níbẹ̀ ò ní ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún un.

Ohun tó lè yí i padà

Ọ̀nà méjì ló wà tó ti ṣiṣẹ́. Èkíní ni kí ẹgbẹ́ kékeré fa òǹdíje kan náà tí ẹgbẹ́ ńlá fà kalẹ̀, kí wọ́n sì ro ìbò méjèèjì pọ̀. New York ń ṣe é: orúkọ òǹdíje kan lè wà ní ẹ̀ẹ̀mejì lórí ìwé ìdìbò, lábẹ́ Democrat àti lábẹ́ Working Families, olùdìbò á sì fi hàn ibi tí ọkàn rẹ̀ wà láìfi ìbò ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti fòfin dè é, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì sọ ní 1997, nínú ẹjọ́ tó wá láti Minnesota, pé wọ́n láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni kí olùdìbò to àwọn òǹdíje ní ipò kìíní, kejì, kẹta. Tí ẹnikẹ́ni ò bá dé ìdajì, wọ́n á yọ ẹni tó kẹ́yìn, wọ́n á pín ìbò rẹ̀ fún ẹni tí àwọn olùdìbò rẹ̀ fi ṣe ipò kejì. Maine lò ó ní 2018. Nínú ìdìbò Ilé Aṣojú Aṣòfin ní ẹkùn kejì níbẹ̀, Bruce Poliquin ló síwájú Jared Golden pẹ̀lú nǹkan bí ìbò 2,000 ní àkọ́kà. Àwọn méjì tó dá dúró ní ju 23,000 láàárín ara wọn. Nígbà tí wọ́n pín tiwọn, Golden ló wá fi nǹkan bí 3,500 borí. Àwọn tó dìbò fún àwọn méjì yẹn ò ṣòfò, kò sì sí ẹni tó lè pè wọ́n ní apínbò. Èyí ni mo rí pé ó dára jù, torí pé ó mú ẹ̀rù kúrò ní ọkàn olùdìbò. Àmọ́ kò sọ pé ẹgbẹ́ kẹta á wọlé. Golden àti Poliquin, ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì náà ni wọ́n ti wá.

Ní oṣù kọkànlá 2024, Washington D.C. dìbò gba ọ̀nà títo òǹdíje yìí. Àwọn ará Alaska tó ti ń lò ó fi díẹ̀ báyìí kọ̀ láti fagi lé e, ìbò tí wọ́n fi borí ò tó ẹgbẹ̀rún. Colorado, Idaho, Nevada àti Oregon kọ̀ ọ́, Missouri fi í sínú òfin pé kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Fún àwọn èèyàn wa tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Houston tàbí Atlanta, tí wọ́n sì fẹ́ dìbò fún ẹgbẹ́ kẹta: ẹ kọ́kọ́ wo àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò ti káńtì yín kó tó di ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ mọ orúkọ tó wà níbẹ̀. Tí orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ ò bá sí, àyè wà láti fọwọ́ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní Texas àti Georgia, wọn kì í ka ìbò tẹ́ ẹ fọwọ́ kọ àyàfi tí ẹni náà bá ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣáájú pé òun ń díje lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìdìbò ní ìpínlẹ̀ yín ní orúkọ wọn lọ́wọ́.